Dókítà Inú Dígí

Láti ìgbà tí Dókítà Olúgbóyè ti fẹ̀yìn tì, dígí ilé ìwẹ̀ ni dókítà Màámi. Láràárọ̀, bí ó bá ti fọ ẹnu tán, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni dígí wí lónìí. "Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín dára. Àmọ́ fáìlì yín àtijọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi lónìí: àìsàn kíndìnrín yín tún ti le sí i."

Màámi rẹ́rìn-ín. "Kíndìnrín ta ni? Fáìlì ẹlòmíràn lo gbé. Dókítà mi ní àgbà ló ń dé."

"Ó ti wà nínú fáìlì yín láti ọdún mẹ́rin, mà."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó yíjú sí èmi tí mo di aṣọ ìnura rẹ̀ mú. "Àríkẹ́, o mọ̀?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. Èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ Dókítà Olúgbóyè pé kó má sọ fún un, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Ó gbà fún mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ dígí.

"Ọdún mẹ́rin," ni Màámi wí. "Èmi àti Ìbídùn àbúrò mi sì ń yan odì. Mo rò pé àyè ṣì wà. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti lọ bá a kó tó kú."

"Ẹ má bínú, Màámi."

Ó tún gbé ọwọ́ lé dígí.

"Dókítà, ọjọ́ mélòó ló kù fún mi? Dúró ná." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Àríkẹ́, bọ́ síta. Èmi àti dókítà fẹ́ sọ̀rọ̀."