Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀bùnlọlá

Èèrà ni wọ́n fi mọ̀ lára bàbá Akínfẹ́nwá: ibi tó bá tọ̀ sí, wọn á ṣù bò ó. Àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá náà kó tó kú. Àìsàn kan náà ló fọ́ ojú ìyá rẹ̀. Bọ́sẹ̀, àbúrò Akínfẹ́nwá, ò pé ogójì ọdún tó fi sùn tí kò jí mọ́. Akínfẹ́nwá fúnra rẹ̀ ti ń gún abẹ́rẹ́ láràárọ̀ kó tó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Trade Fair, níbi tó ti ń ta páàtì mọ́tò.

Kì í ṣe tara rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Bí Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ rẹ̀ ọdún mọ́kànlá, bá ti jáde ní balùwẹ̀, Akínfẹ́nwá á wọ ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wo ilẹ̀ bóyá èèrà wà. Nígbà mìíràn, á ṣe é bíi pé òórùn egbò bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọmọ náà kiri ilé.

Dókítà Fọláyan, obìnrin kan ní Festac, ló sọ fún un pé wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ọmọ jogún àmì tó ń jẹ́ kí àìsàn náà tètè mú èèyàn.

Láídé, ìyàwó rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀.

"Dádì Ẹ̀bùn, kí lẹ ń wá? Ọmọ ò ṣàìsàn, ẹ fẹ́ lọ fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Láídé sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àánú rẹ̀ ṣe ọkọ rẹ̀. Oyún oṣù márùn-ún ló gbé sínú. Akínfẹ́nwá mú ọmọ lọ láìsọ fún un. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, dókítà pè é wá sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ bá mi yọ̀, sà. Kò sí lára ọmọ yín. Kò sí rárá."

Akínfẹ́nwá kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó pe Láídé lórí fóònù.

"Kò sí lára Ẹ̀bùn o!"



"Ọlọ́run ṣeun," ni Láídé sọ.

Akínfẹ́nwá nu ojú rẹ̀ nù. "Dókítà, èyí tó wà nínú oyún ńkọ́? Ṣé òun náà lè bọ́?"

Dókítà ṣí bébà èsì Akínfẹ́nwá, tí kò tíì kà. Ó kà á. Ó tún padà sí ti Ẹ̀bùnlọlá. Kò gbójú sókè mọ́.

"Dókítà, ẹ dá mi lóhùn."

"Sà, àmì náà pé méjì lára yín: ẹ gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá yín, ẹ gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá yín," ó ní, "kò sí ọmọ tẹ́ ẹ lè bí tí kò ní gba ọ̀kan lára yín."