Lẹ́tà Tó Yẹ Màámi

“Rárá o, lẹ́tà yìí ti rí gàdàgbà jù,” ni ọmọ olóòkú sọ fún atẹ̀wé kan tó ń bá a ṣe póstà ìsìnkú ní Ajah. “Ṣé pátákó ojú títì ni màámi ni?”

Atẹ̀wé pààrọ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn lẹ́tà tuntun náà ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ wọn sì rí ṣóńṣó bíi ti ìyàwó tó wọ bàtà gogoro.

“Èyí làwọn ará Thomas Estate fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ọ̀gá.”

“Ẹn-ẹ́n! Èyí ló yẹ òkú màámi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí n rí i.”

Fáànù fẹ́ gbé póstà náà lọ, ni ọmọ olóòkú bá fi láílọ́ọ̀nù oògùn tó ti rà ní ilé oògùn kan ní Abraham Adésànyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ohùn arúgbó obìnrin kan ló jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ọmọ mi, ṣé o ti rí oògùn mi rà? Mi ò lè mí dáadáa mọ́ o.”

“Mi ò tíì rí i rà, Màámi. Ẹ ṣì fara dà á.”

Ó pa fóònù. Atẹ̀wé wo láílọ́ọ̀nù oògùn tó wà lórí póstà náà.

“Ọ̀gá... ọjọ́ wo ni kí n kọ pé Màmá kú?”

“Ẹ kọ ọ̀la. Lẹ́tà kan náà ni kí ẹ fi kọ ọ́ o.”