Rédíò Tí Kọ̀ǹpútà Ò Rí

Níwájú gbogbo awakọ̀ ojú omi, Alága Láníyọnu sọ pé Fadérera ti ba rédíò ọkọ̀ jẹ́. Fadérera ò bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dá a lẹ́bi.

Èbúté kékeré kan lẹ́yìn Ẹpẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Láníyọnu ni olórí àwọn awakọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní àlébù kan: lójú tirẹ̀, bí nǹkan bá ti bàjẹ́, ẹni tó kéré jù nínú yàrá ló bà á jẹ́. Fadérera ló sì kéré jù. Ọdún méjì ló fi kọ́ṣẹ́ rédíò, ibí yìí sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́. Ó mọ̀ pé bí ìròyìn bá tàn pé òun ba rédíò jẹ́ níbí, èbúté mìíràn kò ní gba òun.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò le. Wọ́n ti fún ọkọ̀ mẹ́jọ ní ìkànnì tuntun tí wọn yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọn yóò sì máa fi ké sí àwọn tó ń yọ èèyàn nínú ewu. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìkànnì náà kò gbọdọ̀ gbé èrò. Láti orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kó o sínú rédíò. Okùn kan á ti ara kọ̀ǹpútà wọ inú àpótí pẹlẹbẹ kan, àpótí náà á sì wọ ẹ̀yìn rédíò. Rédíò mẹ́ta ti gbà á lánàá, ó ku márùn-ún. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yìí, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí rédíò kankan.

Fadérera wo ẹ̀rọ náà títí. Rédíò wà ní títàn. Iná pupa ara àpótí náà ń tàn, iná ń wọlé nìyẹn. Kí ló wá dé? Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó yọ okùn, ó tì í bọ ihò mìíràn. "Kò sí rédíò," ni kọ̀ǹpútà ń wí. Ó gbé rédíò kejì wá. "Kò sí rédíò." Ó lọ yọ ọ̀kan nínú àwọn tó ti gbà á lánàá, ti ọkọ̀ awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Sàlámì. Kò sí rédíò! Orí Fadérera dàrú. Ohun tó ń bẹ níwájú rẹ̀, tó ń fọwọ́ kàn yìí, ni wọ́n ń sọ pé kò sí?

Sàlámì yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Fadé, rédíò mi tó ń ké lánàá lo ní kò sí? Ṣé iwin ni mo wá so mọ́ ọkọ̀ mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n Sàlámì, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í."

Bí Alága ṣe wọlé nìyẹn. Ó wo orí tábìlì. "Ṣé ọ̀kan ò tó ọ bà jẹ́ ni? Mẹ́ta!"

"Alága, bí mẹ́ta bá kọ̀ lọ́nà kan náà, ó lè má jẹ́ rédíò ló..."

"Panu mọ́!" Ó jáde lọ sétí omi, ó sì pariwo fún gbogbo awakọ̀ pé Fadérera ti ba rédíò wọn jẹ́. Ó ní kí ọ̀sán tó pọ́n, òun yóò ti pe ẹlòmíràn wá láti Ìkòròdú.

Omi bọ́ lójú Fadérera, àmọ́ kò dìde níbi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tàná nìyí. Àpótí tàná nìyí. Rédíò Sàlámì tó gbà á lánàá náà nìyí. Okùn ńkọ́? Dúdú ni tàná, dúdú náà ni tòní. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ìka fà á, ó rí i pé tòní tín-ín-rín ju tàná lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, okùn tẹ́ ẹ fi ń kó orin láti orí kọ̀ǹpútà sínú fóònù yín dà?"

Sàlámì yọ ọ́ lápò. Fadérera fi rọ́pò. Lójú ẹsẹ̀, orúkọ rédíò yọ lójú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n wo yíká. Tọ́ọ̀ṣì ńlá Alága wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó ń gba iná, okùn rédíò ló sì fi ń gbà á. Nítorí pé okùn tọ́ọ̀ṣì náà kì í tètè gbé iná, Alága ti mú èyí tó dára láàárọ̀, ó fi tirẹ̀ sípò. Okùn tọ́ọ̀ṣì a máa gbé iná kọjá, kì í gbé ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí iná pupa fi ń tàn, tí kọ̀ǹpútà kò sì rí nǹkan kan.

Inú bí Fadérera, ṣùgbọ́n èrò ti dúró pẹ́. Ó kó ìkànnì sínú rédíò márààrún, ó dè wọ́n àti ti Sàlámì mọ́ ọkọ̀ wọn. Àwọn ọkọ̀ gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí etí omi dá páropáro, Alága rọra wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Sàlámì ti ròyìn fún un kó tó lọ.

"Fadé, ọmọ dáadáa. Má bínú, mo rò pé okùn ni okùn. Jẹ́ kó parí síbí, ṣó o gbọ́? Èmi, ìwọ àti Sàlámì náà la mọ̀."

Ẹ̀yin àbúrò tó ń ka ìtàn yìí, ẹ wádìí kí ẹ tó dáni lẹ́bi. Ẹni tó kéré jù lè jẹ́ ẹni tó jàre. Bí ẹ bá sì ti fi ariwo ba orúkọ èèyàn jẹ́, ẹ má rò pé ẹ lè fi ohùn jẹ́jẹ́ tún un ṣe. Ẹni tó gbọ́ ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ gbọ́ àtúnṣe pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀bẹ̀ náà kò tíì pé.

Fadérera kúnlẹ̀, nítorí pé àgbà ni Alága. "Mo ti gbọ́, sà. Mo ti dárí jì yín." Lẹ́yìn náà ló dìde. Ó tan rédíò ńlá inú yàrá náà, èyí tí èbúté fi ń bá àwọn ọkọ̀ sọ̀rọ̀, sí ìkànnì tuntun, ó sì na máíkì rẹ̀ sí Alága.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ọkọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń gbọ́ yín."