Dọ̀tun àti Ọkọ̀ Ẹlẹ́ni-Méjì

Ìwà kan ṣoṣo ló ba Olúwadọ̀tun jẹ́: kì í gba ẹ̀bi. Bí omi bá dà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó gbé ife síbẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí ó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹni tí kò jí i ló fà á. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti sú wọn.

Bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Kò sẹ́ni tó tó o nínú géèmù kan tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Àlàó. Ọkọ̀ inú géèmù náà rí bí mọ́tò kékeré tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, èyí tí àwọn bàbá wa ń wà nígbà kan, ṣùgbọ́n kò ní táyà. Òfuurufú ló ń gbà, iná ń jáde nídìí rẹ̀, ìbọn sì wà lórí rẹ̀. Ẹni méjì ló ń lo ọkọ̀ kan: ọ̀kan á máa wà á, ìkejì á máa yìnbọn fún àwọn tí wọ́n jọ ń sáré. Dọ̀tun ló ń wa ọkọ̀, Nùrẹ́nì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń yìnbọn.

Ìdíje dé. Àwọn méjì tó bá borí ní Alímọ̀ṣọ́ yóò lọ sí Ìkẹjà, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan yóò ti kọ́ wọn ní iṣẹ́ géèmù ṣíṣe. Ohun tí Dọ̀tun ń fojoojúmọ́ gbàdúrà fún gan-an nìyẹn.

Àwọn ará Ìgàndò ni wọ́n kọ́kọ́ kojú. Dọ̀tun ti fi wọ́n sẹ́yìn, èrò ń pariwo orúkọ rẹ̀, orí rẹ̀ sì wú. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ kọ́nà kan, Nùrẹ́nì fi ìbọn sílẹ̀, ó kígbe:

“Dọ̀tun, rọra! Ògiri wà níwájú!”

Ńṣe ni Dọ̀tun tún fi kún eré. Ọkọ̀ wọn fọ́ yángá.

Dọ̀tun mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun lòún fà á, àmọ́ ojú èèyàn ti pọ̀ jù. Ó dìde, ó nàka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ rí i pé kò yìnbọn mọ́? Ó ti gbàbọ̀dè! Àbí ẹ ò mọ̀ pé Ìgàndò ni ìyá ẹ̀ ń gbé ni?”

“Dọ̀tun, èmi?” ni Nùrẹ́nì wí.

Ariwo kò jẹ́ kí èrò gbọ́ igbe Nùrẹ́nì, ìbọn rẹ̀ sì dákẹ́ lóòótọ́, nítorí náà wọ́n gba Dọ̀tun gbọ́. Wọ́n hó lé Nùrẹ́nì lórí títí ó fi jáde. Ẹ wo ìkà! Ẹni tó fẹ́ gbà á là ló sọ di ọ̀dàlẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣì láǹfààní kan sí i. Wọ́n ní kí Dọ̀tun wá kojú àwọn ará Akówónjọ ní ọjọ́ Sátidé. Ó wá bẹ Kẹ́mi, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbá géèmù náà, tí òun náà mọ ìbọn yìn dáadáa.

“Mi ò ṣe jàre,” ni Kẹ́mi wí. “Tá a bá tún pàdánù, orúkọ wo lo máa sọ èmi?”

Ó tún bẹ Ìfẹ́olúwa, òun náà kọ̀, àwọn yòókù sì kọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sí ipò Nùrẹ́nì.

Nígbà tí Sátidé dé, Bọ̀dá Àlàó bi í pé, “Dọ̀tun, ẹnì kejì ẹ dà?”

“Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ó ń bọ̀.”

Ó pe Nùrẹ́nì lórí fóònù. “Nùrẹ́nì, jọ̀ọ́, máa bọ̀. Ìwọ nìkan ló kù.”

“Màá wá,” ni Nùrẹ́nì fèsì. “Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ fún wọn níbẹ̀ yẹn, kí n máa gbọ́, pé ìwọ lo wa ọkọ̀ lu ògiri.”

Dọ̀tun wo àwọn èèyàn tó kún ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ó ní, “Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa,” ó sì pa fóònù.

Torí kò ní ẹnì kejì, àwọn ará Akówónjọ ló gba ipò rẹ̀, àwọn náà ló sì dé Ìkẹjà. Nùrẹ́nì kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bá a lo ọkọ̀ kan mọ́ ní gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé gbogbo wa là ń ṣàṣìṣe. Àṣìṣe Dọ̀tun kọ́ ló gba àǹfààní lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọ́n ti fún un láyè àtúnṣe. Irọ́ tó pa mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbà á, àti ìtìjú tí kò jẹ́ kó lè jẹ́wọ́ irọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa láti kékeré kí wọ́n lè máa sọ ọ́ láìfi ti èrò ṣe pé: “Èmi ni mo ṣe é, ẹ má bínú.”