Ó-ti-tó, Ẹni Tó Ń Wọn Ojú

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti ìgbà èwe má gbé mi dé ibi tí wọn yóò ti fún mi lómi mu mọ́. Ó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí kì í ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ wọ́. Àìbìkítà ni àrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyára ni àwọn èèyàn ń pè é. Ilé ìwòsàn ojú ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi sì ń nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ nígbà náà. Ó-ti-tó ni a ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wọn ojú àwọn tí awọ ẹyinjú wọn ti fẹ́lẹ́ jù, tí iná lésà kò lè tún un ṣe. Irú wọn ni dókítà máa ń fi lẹ́ńsì sí nínú ojú: ike kékeré kan tó rọ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, tí wọ́n ń tì sẹ́yìn ọmọlójú. Bó bá bá ojú mu, ẹni náà á ju awò ojú rẹ̀ nù. Bó bá tóbi jù, omi inú ojú kò ní rọ́nà jáde, ojú á le bí òkúta, á sì kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n.

Ó-ti-tó kì í tún un wọ̀n. Èrò kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Inú àwọn aláìsàn ń dùn, inú ọ̀gá ilé ìwòsàn ń dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń wọn ojú, ó sì ń kọ́ àwọn tuntun ní ìwà rẹ̀. Ìkánjú kò ṣeé fi lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ahọ́n ẹlòmíràn ló fi ń tọ́ ọ wò.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń tún agogo ọwọ́ ṣe wá. Awò ojú rẹ̀ nípọn débi pé ojú rẹ̀ kéré nínú rẹ̀ bí ojú eku, kò sì jẹ́ kí gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú agogo jókòó dáadáa. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ó tẹjú mọ́ iná tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ké.

"Ó ti tó," ni ọkùnrin náà wí.

"Ọ̀gá, mo ṣẹ́jú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n."

"Màdáámù, ṣé ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí ni ojú yín, tá a ó fi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ dìde, èrò pọ̀."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti obìnrin náà, òun náà rẹ́rìn-ín, ó dìde.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ tí dókítà fi fi lẹ́ńsì sí i lójú, ó padà wá, ó fọwọ́ di ojú ọ̀tún, ojú tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń bì. "Ọ̀gá, ojú yìí fẹ́ bẹ́!" Ó-ti-tó mọ̀ pé bí òun bá pe dókítà, dókítà á bèèrè bí òun ṣe wọ̀n ọ́n. "Ó máa lọ," ló wí. "Ẹ lọ sùn." Obìnrin náà lọ sùn. Nígbà tó tún fi padà, tí dókítà yọ lẹ́ńsì náà, ojú ti kú.

"Ṣé o tún un wọ̀n?" ni dókítà bi í.

"Mo tún un wọ̀n, sà."

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni obìnrin náà ń wá jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, níwájú yàrá Ó-ti-tó, pẹ̀lú agogo tí kò lè tún ṣe mọ́ lórí itan rẹ̀. Kò pariwo, kò ṣépè. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n." Ó ń wá títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ kan gba apá ojú tó kú yọ sí i lójú títì, tó sì pa á. Ó-ti-tó mí kanlẹ̀. "Ó parí," ló wí.

Kò parí. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Baba arúgbó kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì láàárọ̀ ọjọ́ kan, bẹ́ǹṣì sì ṣófo gbalasa. Mo ní, "Baba, ẹ jókòó." Ó ní, "Mo ti ní kí obìnrin yìí sún fún mi, kò dáhùn. Ṣé adití ni?" Mo gbé igi ìnulẹ̀ mi sílẹ̀. Mo gbọ́ tí agogo ń dún kí-kí-kí níbi tí kò sí agogo.

Ó-ti-tó alára ń lo awò ojú. Ní etí awò náà, níbi tí nǹkan ti máa ń ṣe bàìbàì, ló ti ń rí i. Bó bá yíjú síbẹ̀, kò ní sí ẹnìkan. Bó bá tún tẹjú mọ́ iṣẹ́, obìnrin náà á ti jókòó. Ó sọ fún mi pé, "Inú awò yìí ló wà. Bí mo bá bọ́ ọ sọnù, ó máa lọ." Awọ ẹyinjú tirẹ̀ náà fẹ́lẹ́, lésà kò gbà á. Kò lè fara da ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa mọ́, ló bá gba ilé ìwòsàn mìíràn lọ kí wọ́n fi lẹ́ńsì sí i lójú. Obìnrin tó ń wọn ojú níbẹ̀, ọwọ́ Ó-ti-tó fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́.

Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Iná kékeré tàn, obìnrin alágogo náà jókòó sínú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ ké.

"Ó ti tó, ọ̀gá mi."

"Tún un wọ̀n."

"Háà, ọ̀gá! Ṣé ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí ni ojú yín? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa!"

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde.

Lẹ́ńsì méjèèjì tóbi jù. Nígbà tó sáré padà lọ, wọ́n ní, "Ó máa lọ, ọ̀gá. Ẹ lọ sùn." Ó sì lọ sùn.

Ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó gbé àgbọ̀n lé irin rẹ̀ bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń rí nǹkan kan?"

"Òun nìkan ni," ló dáhùn. "Kò sí létí mọ́. Àárín gbùngbùn ló jókòó sí."

Kò jẹun mọ́. Kò pẹ́ tó fi kú.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ò ṣòro. Lẹ́ńsì kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo mọ àwọn tó ń fi í rí ewé orí igi kedere dòní. Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ wà lára ẹlòmíràn, má ṣe é bí ẹni gégi. Bí wọ́n bá ní kó o tún un wò, tún un wò. Ìwà tó o bá fi kọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ lónìí, òun ni yóò hù sí ọ lọ́la. Ìwọ tí wọ́n ń wọ̀n náà, má jẹ́ kí ẹ̀rín àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lé ọ dìde lórí àga. Wọn kò ní bá ọ fọ́jú.

Àbúrò rẹ̀ ló gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe gbọ́ ọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n.