Ẹni Tí Wọ́n Sin Lórúkọ Bàbá Mi

Bàbá mi, Láwọyin, ja ogun Bọ́mà. Ó ṣì wà lọ́hùn-ún nígbà tí sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kó irun àti èékánná wálé, ó ní ti Bàbá ni, pé ìbọn ti pa á. Ará ilé sin wọ́n sẹ́yìnkùlé bí ẹní sin òkú, wọ́n sunkún. Lẹ́yìn ọdún kan, Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rín. Títí ó fi darúgbó nídìí iṣẹ́ káfíńtà, sàréè yẹn ló ń bí i nínú.

"Ọmọ ta lẹ sin? Ẹ wá ilé rẹ̀ lọ!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á ní, "Òkú tó ń jẹ ẹ̀bà, jókòó jẹ́ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin Bàbá. Lálẹ́ àná, iná lọ. Mo gbọ́ bàtà sójà lẹ́yìnkùlé, ó ń lulẹ̀ lójú kan, gbì, gbì, gbì. Mo rò pé àbúrò mi ló wọ bàtà ogun Bàbá. Mo gbé àtùpà jáde.

"Dúró, jàre! A ṣì ń ṣọ̀fọ̀."

Bàtà dúró.

"Ẹ ti sin Láwọyin lẹ́ẹ̀mejì." Kì í ṣe ohùn ará ilé wa. Ìbínú ń gbọ̀n nínú rẹ̀. "Èmi ńkọ́? Ìyá mi retí mi títí ó fi kú!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà... ta ni yín?"

Ó na ọwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Ìka márààrún pé. Kò sí èékánná kankan níbẹ̀.

"Pè mí lórúkọ," ó ní.

Mo la ẹnu. N ò mọ orúkọ tí mo fẹ́ pè.