Lẹ́tà Tí Òṣèré Fọwọ́ Sí

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè máa bọ̀, Mama ti ń mí gúlegúle!" Sakeenah, tó ń tọ́jú arúgbó obìnrin kan ní àdúgbò Openshaw lókè òkun, ló ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n tó ń pè yìí, akówèéjọ tó ń wá ìwé àtijọ́ kiri, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó ti ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ àti ìwé ẹjọ́ tí àwọn òṣèré sinimá aláìlóhùn ayé àtijọ́ fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá lẹ́tà tí gbajúmọ̀ kan nínú wọn kọ sí ọmọge tó lóyún fún un. Oyún ọjọ́ náà ló di arúgbó yìí.

Arúgbó náà na àpò lẹ́tà sí i. "Ẹ̀rù ò jẹ́ kí ìyá mi ṣí i, èmi náà ò sì lè ṣí i títí ojú mi fi fọ́. Kà á fún mi, kí o máa mú un lọ. Ṣé ó ní ọmọ òun ni mí?"

Akówèéjọ náà tú u. Ìlà kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú ìfọwọ́sí gàdàgbà: "Èmi kọ́ ni mo ni oyún inú rẹ. Má kọ̀wé sí mi mọ́."

Ó wo ojú tó fọ́ náà.

"Ó ní, 'Ọmọ mi ni. Bá mi gbé e mọ́ra.'"

Omijé bọ́ lójú arúgbó náà. Ó gba lẹ́tà náà padà, ó fi lé àyà.

"Má bínú, ọmọ mi. Mi ò lè jẹ́ kó lọ mọ́. Sakeenah, kí ẹ sin ín mọ́ mi."

Sakeenah, tó ti ka lẹ́tà náà láti ẹ̀yìn akówèéjọ náà, yíjú wò ó.

Akówèéjọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka arúgbó náà dé mọ́ lẹ́tà náà.

"Ẹ dì í mú dáadáa, Mama."